Ìbọn Bọ́mà

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó lórí kunkun ní gbogbo àdúgbò Pòrógun, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà, ẹ ṣáà yà sí àgbẹ̀dẹ Ràsákì ọkọ mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ o, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni: irin tó ń lù láti kékeré ti wọ̀ ọ́ lágbárí. Àfi òfin bàbá rẹ̀ nìkan ló lè tẹ̀ ẹ́.

Òfin náà ò gùn. Alágbẹ̀dẹ tó bá tún ìbọn ṣe ni yóò kọ́kọ́ yìn ín. Èjìká ara rẹ̀ ni yóò gbé e lé, kò gbọdọ̀ so ó mọ́lẹ̀ kó wá máa fi okùn fà á lókèèrè bí ẹni tó ń bẹ̀rù iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Bí ìbọn náà bá sì já ọdẹ kulẹ̀, alágbẹ̀dẹ ni yóò dìde rọ́pò rẹ̀, yóò bá ọdẹ wọ igbó. Bàbá ọkọ mi ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ìbọn kan tó tún ṣe kọ̀, kò dún, ló bá tẹ̀ lé ọdẹ tó ni ín lọ sí oko Odogbolu, túùkú sì lé àwọn méjèèjì gun orí igi ọsàn. Ẹ̀rín la máa ń fi ìtàn yẹn rín nílé wa. Èmi gan-an ni mo máa ń rín in jù.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sí ẹ̀rín lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Fàtímọ̀, ìyàwó Luqman ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló lọ wa gbáàgúdá lóko wọn lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ajínigbé sì gbé e. Apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti bàtà ẹsẹ̀ kan ni wọ́n bá lójú ọ̀nà. Àwọn tó gbé e ò pè. Tọ̀sán-tòru ni fóònù wà lọ́wọ́ Luqman, kò sì dún, àfi bí ẹbí bá ń béèrè bóyá wọ́n ti pè. Ìyálé mi ni Fàtímọ̀. Òun ló kọ́ mi ní ìkọ́kọrẹ́ nígbà tí wọ́n gbé mi níyàwó wá láti Ìsẹ́yìn, tí mi ò mọ ewùrà yàtọ̀ sí iṣu.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, Luqman wọ àgbẹ̀dẹ pẹ̀lú nǹkan gígùn kan tó fi àpò sìmẹ́ńtì wé. Ọkọ mi tú u. Ìbọn ṣọ́jà ni, èyí tí bàbá bàbá wọn gbé bọ̀ láti ogun Bọ́mà, tó ti wà lókè àjà láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ọta ìbọn yìí ti tán láyé," ni ọkọ mi wí. "Ibo la ti fẹ́ rí i?"

"Ìdí tí mo fi gbé e wá nìyẹn. Yọ ọ̀pá rẹ̀, kí o fi èyí tó ń jẹ kátíríìjì pupa tí wọ́n ń tà báyìí sí i. Olúọdẹ ní bí wọ́n bá ti kírun alásárì nírọ̀lẹ́ làwọn ń wọgbó lọ wá Fàtímọ̀, ẹni tí kò bá ní ìbọn, kó jókòó sílé." Ó di ọwọ́ ọkọ mi mú. "Ràsákì, ìyàwó mi ni. Ṣé kí n jókòó sílé?"

Kò sí ọdẹ tó máa yá ẹlòmíràn ní ìbọn tirẹ̀ lọ́jọ́ irú èyí. Ọkọ mi bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó so awọ mọ́ àyà, ó ní kí n wá fẹ́ná.

Ọ̀pá ìbọn ọdẹ kan tó ti kú wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ó ṣì dára. Ẹni tó bá rí Ràsákì lọ́jọ́ náà, tó rí bó ṣe yọ ọ̀pá ìgbà ogun kúrò, tó sì fi èyí sípò rẹ̀, á mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu lásán ni wọ́n fi ń yin ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ìṣòro wà níbòmíràn. Ìbọn Bọ́mà ní irin kan lẹ́yìn, bí ìdábùú ilẹ̀kùn. Ẹ ó tì í síwájú, ẹ ó yí i, etí kéékèèké méjì tó wà lára rẹ̀ á há sínú ihò, ìyẹn ni kò sì ní jẹ́ kí iná ẹ̀tù ta padà sójú ẹni tó ń yìnbọn. Ìdí kátíríìjì pupa tóbi ju ìdí ọta àtijọ́ lọ. Ó di dandan kí ọkọ mi gbẹ́ ojú ìdábùú náà. Ó ń gbẹ́ ẹ, irin ń tín-ín-rín, èmi sì ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

"Bàbá Hafeezah, ẹ wo etí yìí."

"Mo rí i."

"Ó ti sán."

"Mo ní mo rí i, Mùjídàt."

Ó fi iná jó o pọ̀, ó fi fáìlì ra á, ó dán. Ta ni dídán ń tàn jẹ? Ṣé mi ò mọ ìkòkò tí wọ́n lẹ̀ ni?

Mo fà á sí ìkọ̀kọ̀. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìbọn yìí lé èjìká. Ẹ so ó mọ́ nǹkan, ẹ fi okùn fà á."

"Kí ẹ̀gbọ́n mi máa wò mí pé mò ń sá fún ìbọn tí mo fẹ́ kó gbé lọ pàdé ikú?"

"Bó bá fọ́ mọ́ yín lójú ńkọ́?"

"Bó bá máa fọ́, ojú tèmi ló yẹ kó fọ́ mọ́, kì í ṣe ojú Luqman."

Ó ní bí àwọn bá ti kírun àìlà ọ̀sán tán, òun á yìn ín. Òun àti Luqman gba ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ. Ìbọn wà lórí tábìlì, kátíríìjì tí Luqman kó wá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá rò ó, ojo á mú mi. Mo gbé ìbọn lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí ògiri àlàpà kan wà tó ga dé èjìká. Mo tẹ́ ẹ lé orí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kọjú sí ààtàn, ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí igi máńgòrò. Ọ̀já tí mo fi ń pọn Hafeezah, ọmọ wa tó ń sùn nínú ilé, ni mo fi dì í mọ́ ògiri náà pinpin. Mo ki kátíríìjì bọ̀ ọ́ bí mo ṣe máa ń rí i tí ọkọ mi ń ṣe é, mo so okùn tí mo fi ń sáṣọ mọ́ tìrígà, mo sá sẹ́yìn ilé ìwẹ̀. Mo pe Ọlọ́run, mo fà á.

Ariwo náà kì í ṣe ti ìbọn. Nígbà tí èéfín lọ, ọ̀já ti jóná, ìdí ìbọn ti là sí méjì, ìdábùú ò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Àwọn èèyàn sáré dé. Ọkọ mi ló ṣíwájú. Ó wo mí tẹsẹ̀-torí, ó rí i pé ara mi pé, ó wá wo ìbọn. Lẹ́yìn náà ló rìn lọ sídìí máńgòrò. Ìdábùú ti wọ inú igi, ìdí rẹ̀ nìkan ló kù síta. Ọkọ mi dúró síwájú rẹ̀. Irin náà ṣe déédéé ojú rẹ̀ ọ̀tún.

"Ẹ rí i!" Mò ń sunkún, inú mi sì ń dùn. Ẹ má bú mi, inú mi dùn gidigidi. "Ẹ ṣáà rí i!"

Luqman ṣa ìdí ìbọn tó là. "Ìyàwó," ó ní, kò pariwo rárá, "o ti pa Fàtímọ̀ fún mi. Okùn ló fọ́ ìbọn yìí. Bí Ràsákì bá gbé e lé èjìká, kò ní fọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe okùn," ni ọkọ mi wí. "Irin mi ni."

Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Ìjẹ̀bú ẹnu wọn bára wọn sọ̀rọ̀ wàràwàrà, irú èyí tí mo ṣì máa ń fi etí méjèèjì lé. Luqman ní òun ò ní jókòó, bí Olúọdẹ bá lé òun, òun á máa tẹ̀ lé wọn lókèèrè. Ó wọ inú ilé, ó mú àdá jáde.

Ọkọ mi bu omi, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ títí tí èédú fi kúrò léèékánná. Ó mú awọ àyà rẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀ kó tó lọ kírun, ó gbé e kọ́. Ó na ọwọ́ sókè òrùlé àgbẹ̀dẹ, ó fa àdá tirẹ̀ yọ.

"Níbo lẹ ń lọ?"

"Ìbọn já a kulẹ̀," ó ní.

Ìgbà yẹn ni ìtàn túùkú àti igi ọsàn sọ sí mi lọ́kàn. Ìlàjì òfin ni mo ti ń bá jà látàárọ̀, mo gbàgbé ìlàjì tó kù. Mo dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ níwájú gbogbo ará àdúgbò, ojú ò tì mí. Mo ní èmi ni mo yìn ín, èmi ni mo jẹ̀bi, kí n lọ. Mo ní àdá lẹ fẹ́ gbé lọ bá àwọn tó ń gbé ìbọn ńlá. Mo ní Hafeezah ò tíì mọ ojú bàbá rẹ̀ dáadáa. Kí ni mi ò sọ tán?

Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú ọwọ́ mi ní ìka kọ̀ọ̀kan. "O ò jẹ̀bi, Mùjídàt. Ìwọ lo gba ojú yìí là. Òun ni màá fi wá Fàtímọ̀."

Wọ́n ń pe ìrun alásárì lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀kadà gbé wọn. Luqman jókòó láàárín, ọkọ mi lẹ́yìn, àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi wé ìbọn láàárọ̀ ni wọ́n fi wé àdá méjèèjì. Kò wẹ̀yìn wò.

Mo padà sẹ́yìn ilé. Mo di irin tó wà lára máńgòrò mú, mo fà á, mo tún fà á. Kò yọ.