Lẹ́tà Mẹ́tàlélógún Lẹ́yìn Asẹ́

Aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú ni Akọ̀wé Àgbà já wọ yàrá Aláwáyà láìkan ilẹ̀kùn. Obìnrin tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá gbà á láyè, yóò kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ara rẹ̀ kó tó wọlé ni o. Aláwáyà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àtúnṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà, gbójú sókè, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó há.

Obìnrin náà ní ilé ìwòsàn ojú sọ pé àwọn ti fi ímeèlì ránṣẹ́ sí òun láti Ọjọ́bọ̀. Ìyá òun ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ojú òsì màmá ti lọ ní oṣù tó kọjá, kò fi rí nǹkan kan mọ́. Ọ̀tún ló kù, òun náà sì ti ń ṣú. Ààyè ti ṣí sílẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù tó wà nínú ímeèlì yẹn gbọ́dọ̀ padà dé ọwọ́ wọn kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé màmá lórí ìlà ni wọ́n máa fún. Fọ́ọ̀mù náà ní nọ́ńbà tirẹ̀, wọn kì í kà á lórí fóònù. Àdírẹ́sì ọ́fíìsì ló fi forúkọ màmá sílẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n sì fi ń yí àdírẹ́sì padà. Ilé ìwòsàn ọ̀hún, ìrìn wákàtí mẹ́rin ni.

"Àbúrò, wọ́n ní àwọn ti fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì," ló wí. "Mi ò rí nǹkan kan. Jọ̀ọ́, bá mi wá a."

Ọkàn Aláwáyà lọ sọ́dọ̀ Asẹ́. Asẹ́ ni wọ́n ń pe ètò tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ímeèlì wọn, tó ń ya lẹ́tà gidi kúrò lára pàǹtírí, ìyẹn àwọn tó ń ta oògùn irun fún apárí àti àwọn tó ní o ti jẹ ọkọ̀ ọ̀fẹ́. Ní Ọjọ́rú tó kọjá, ọ̀gá pátápátá bínú pé pàǹtírí ti kún àpótí òun, ni Aláwáyà bá yí agbára Asẹ́ sókè títí tí kò fi lè lọ mọ́, kí etí rẹ̀ lè sinmi. Bí ìyá ọlọ́mọ bá wá fọ́jú nítorí pé òun fẹ́ tẹ́ ọ̀gá lọ́rùn ńkọ́? Ó kàn tẹ̀ lé obìnrin náà lọ sídìí tábìlì rẹ̀.

Ó fi fóònù ara rẹ̀ kọ ímeèlì kan sí i. Ó wọlé lójú ẹsẹ̀. Ó ṣí àpótí pàǹtírí rẹ̀, òfìfo ni. Ó wo orúkọ gbogbo àwọn tí ilé-iṣẹ́ ti dènà. Ilé ìwòsàn kò sí níbẹ̀. Ó wá dá agbára Asẹ́ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó sì ní kí Akọ̀wé Àgbà bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún fi í ránṣẹ́. Wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn méjèèjì ranjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìkíni ọjọ́ ìbí ẹnì kan ní àjà ìsàlẹ̀ ló wọlé, lẹ́tà ilé ìwòsàn kò wọlé.

Aláwáyà ní kí òun pa Asẹ́ kí òun tún un tàn. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án nìyẹn ń gbà, gbogbo ímeèlì ilé-iṣẹ́ a sì dúró gbagidi. Alábòójútó ọjà yọ orí wọlé pé ta ló pa ímeèlì òun. Akọ̀wé Àgbà kàn wò ó ni, alábòójútó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí Asẹ́ jí, wọ́n tún bẹ ilé ìwòsàn, àwọn yẹn sì fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kẹrin. Kò wọlé. Ó ti ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ni Aláwáyà bá sáré padà sí yàrá rẹ̀ lọ ṣí ìwé tí Asẹ́ ń kọ gbogbo ìṣe rẹ̀ sí. Ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé òun ló jẹ̀bi, ẹ̀bi ara rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wá. Ó kà á, ó tún un kà. Lẹ́tà náà ti dé lẹ́ẹ̀mẹrin, Asẹ́ sì há a mọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọ̀rọ̀ Ọjọ́rú kọ́. Asẹ́ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ gbangba pé ẹni tó ni àpótí ló kọ́ òun pé pàǹtírí ni olùránṣẹ́ yìí.

Àṣà kan wà ní ilé-iṣẹ́ náà tó ti sú Aláwáyà. Bí ímeèlì bá dé tí kò wu ènìyàn láti dáhùn, wọn kì í pa á rẹ́, nítorí ìparẹ́ a máa béèrè pé ṣé ó dá ọ lójú. Bọ́tìnnì Pàǹtírí kì í béèrè nǹkan kan, ó kàn ń dá lẹ́tà padà sọ́dọ̀ Asẹ́ ni, òun ni gbogbo wọn ń tẹ̀. Ìpè ìpàdé, pàǹtírí. Ìránnilétí, pàǹtírí. Aláwáyà lẹ ìwé mọ́ ògiri pé Asẹ́ ń kọ́ ìwà lára wọn, pé bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tó ìgbà mélòó kan fún ẹnì kan, kò ní jẹ́ kí onítọ̀hún wọlé mọ́. Wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lé e lórí.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Akọ̀wé Àgbà tẹ̀ ẹ́ fún ilé ìwòsàn náà. Láti ìgbà náà, Asẹ́ ló ń bá a há ìyókù mọ́.

Aláwáyà ní kí Asẹ́ gbàgbé ẹ̀kọ́ yẹn. Asẹ́ béèrè bóyá kí òun dá gbogbo lẹ́tà olùránṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì sáré padà. Lẹ́tà mẹ́tàlélógún ti tò gbọọrọ sínú àpótí obìnrin náà. Tuntun ló wà lókè. Akọ̀wé Àgbà ń kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀, Aláwáyà ń ka nọ́ńbà fún un, ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣi ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀ kọ. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni wọ́n fi ránṣẹ́. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìdáhùn dé: wọ́n ti gba fọ́ọ̀mù, kí wọ́n gbé màmá wá ní Ọjọ́rú. Akọ̀wé Àgbà gbé orí lé tábìlì. Aláwáyà wá ìjókòó.

Ìgbà tí obìnrin náà gbórí sókè ló béèrè ohun tó dí àwọn lẹ́tà náà lọ́nà.

"Ẹ̀rọ ni, mà," ni Aláwáyà wí.

Obìnrin náà mi orí. "Èmi ni. Bí mo bá ti rí orúkọ ilé ìwòsàn yẹn báyìí, inú mi a dà rú. Mo máa ń sọ pé ó di ọjọ́ mìíràn."

Ó ń wo àwọn lẹ́tà náà lọ sísàlẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ìránnilétí oògùn, ìmọ̀ràn, ìránnilétí, títí ó fi kan àwọn márùn-ún tó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀. Ó ṣí ọ̀kan, ó kà á. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Aláwáyà wà, òun náà rí i kà. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n kọ ọ́. Ààyè iṣẹ́ abẹ ti ṣí fún ìyá yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáhùn láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà yẹn, ojú méjèèjì ni màmá fi ń ríran.

Aláwáyà kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Ó yí padà láti jáde. Fóònù obìnrin náà ló dún, màmá ni, ohùn rẹ̀ ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí Aláwáyà fi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Akọ̀wé Àgbà sọ fún un pé wọ́n ti gbà, pé Ọjọ́rú ni. Màmá dúpẹ́, ó tún dúpẹ́.

"Ọmọ mi," ni màmá wí, "bí o ṣe dúró tì mí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ tìrẹ náà á ṣe dúró tì ọ́."

Akọ̀wé Àgbà la ẹnu, àmín kò jáde. Màmá rò pé ọmọ òun kò gbọ́, ó sì tún àdúrà náà ṣe.