Ọwọ́ Àárọ̀ ní Ìlà Onípáàtì

Alàájì Tàjùdíìnì kò pariwo nígbà tó ń sọ ọ́. Òun ló ni ilé tí Abigail àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Ìgandò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú, ó dúró ti ọkọ̀ Ìjàpá wọn tó ti kú sójú kan láti èṣí, ó fi bàtà gbá táyà rẹ̀, ó ní:

"Ìyá Rẹ̀mí, abẹ́ mọ́tò yìí gan-an ni omi wà. Àwọn tó máa gbẹ́ kànga fún mi ń bọ̀ ní Sátidé. Bí mo bá ti ìrun Jímọ̀ dé tí mo ṣì bá a níbí, àwọn tó ń ra irin àlòkù ni màá pè. Wọ́n á gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n á kó o lọ."

"Alàájì, mọ́tò yìí ṣì máa rìn."

"Rìn kẹ̀! Mọ́tò tí adìẹ mi ti pa ọmọ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì?"

Abigail wo ìyẹ́ adìẹ tó lẹ̀ mọ́ mọ́tò náà. Òótọ́ ni pé adìẹ pa ọmọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìjàpá yẹn nìkan ni ọ̀nà tó ní láti bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Búrẹ́dì ló ń tà. Láti Dòpèmú ló ti ń lọ kó o, inú bọ́ọ̀sì ló sì ń gbé e bọ̀, níbi tí ìdí àwọn èèyàn ti ń tẹ búrẹ́dì rẹ̀ pa kó tó délé. Bí ó bá ní mọ́tò tó ń rìn, á máa já búrẹ́dì fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù láti Ẹgbẹ́dá dé Ìgandò. Bí wọ́n bá gé mọ́tò náà tà, bọ́ọ̀sì àti ìdí èèyàn ló kù.

Ó ránṣẹ́ sí Olúgbénga mẹkáníìkì. Olúgbénga ṣí ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn mọ́tò, ó lé adìẹ kúrò, ó ní ohun tí kò jẹ́ kó rìn kò ju mẹ́rin lọ: pílọ́ọ̀gì, fáàn bẹ́lítì, kọ́ńtáàtì tó ń fún pílọ́ọ̀gì níná, àti pọ́ńpù tó ń fa epo. Ó ní sípánà tí òun fi ń tú pílọ́ọ̀gì náà ti sọnù, kí ó bá òun ra òmíràn.

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ lọ́la, mọ̀mí, kí wọ́n má baà rẹ́ yín jẹ."

"Èmi nìkan ló ń lọ."

Abigail mọ bó ṣe ń rí. Bí mẹkáníìkì bá mú ẹni tó ni mọ́tò dé ìsọ̀ onípáàtì, ojú ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Onípáàtì á fi owó lé iye ọjà, mẹkáníìkì á sì padà wá gba ìpín rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kò bínú sí wọn. Ibi tí kálukú ti ń ṣiṣẹ́ ló ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n owó ọwọ́ rẹ̀ kò lè bọ́ èèyàn mẹ́ta.

Ọgbọ́n tirẹ̀ ni pé kí ó jí. Gbogbo ẹni tó ń tajà ló mọ̀ pé a kì í jẹ́ kí ẹni tó kọ́kọ́ dé ìsọ̀ láàárọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo. Bó bá lọ bẹ́ẹ̀, ọjà ọjọ́ yẹn bàjẹ́ nìyẹn. Abigail fúnra rẹ̀ ti ta búrẹ́dì ní àdánù fún àwọn ahun rí, nítorí pé àwọn ló kọ́kọ́ dé. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà sì ni Abigail, wọn kì í san iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè nílé wọn. Ó wọ bọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ jáde lọ sí Ìkọ̀tún. Nígbà tó dé ìlà àwọn onípáàtì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká tapólì kúrò lórí ọjà ni.

Adéolú, tó ń ta irinṣẹ́ àti páàtì wẹ́wẹ́, ló kọ́kọ́ rí i. Ó ki sípánà kan tó ń dán bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Màmá ológo! Ìràwọ̀ òwúrọ̀! Èyí tó wà lọ́wọ́ yín un, Jámánì ló ṣe é, Jámánì ló bù sí i!"

"Ṣé ó ń tú pílọ́ọ̀gì?"

"Á tú pílọ́ọ̀gì, á tú ìdè ayé!"

"Ìdè ayé kọ́ ni mo bá wá."

Abigail bẹ̀rẹ̀, ó fi sípánà tó ń dán náà lu kọnkéré etí gọ́tà. Ó dún pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn já iṣu sílẹ̀. Ó fi èékánná ha á, dídán rẹ̀ sì bó wá sílẹ̀ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó wá fa àlòkù kan tó ti dípẹtà yọ nísàlẹ̀ ọjà, ó lù ú. Gán-ín! Ó ké bí agogo ilé-ìwé.

"Èyí ni mo ń rà. Kó pílọ́ọ̀gì mẹ́rin mọ́ ọn, tòkunbọ̀ ni kí o fún mi, kì í ṣe tuntun inú páálí. Iye búrẹ́dì méjì ni màá san."

"Báwo ni búrẹ́dì ṣe wọ̀ ọ́, màmá? Ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Abigail yí ẹ̀yìn padà. Adéolú wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí oníbàárà mìíràn.

"Ẹ padà, ẹ padà, jàre! Ọwọ́ àárọ̀ ni."

Ó gba owó náà, ó fi kan iwájú orí, ó fi pa gbogbo ọjà rẹ̀ lára láti orí òòlù dé orí gúlóòbù. Kò tíì fi owó sápò tí awakọ̀ kan fi sáré dé, èkejì tẹ̀ lé e, àfi gììrì!

"Gúlóòbù dà?"

"Wáípà ńkọ́? Wáípà!"

"Bọ̀ọ̀dá, ta họ́ọ̀nù yẹn fún mi, èyíkéyìí tó bá ṣáà ti ń pariwo!"

Wọ́n ń ju owó sílẹ̀, wọn kò béèrè ṣéńjì. Kó tó di pé oòrùn yọ dáadáa, tábìlì Adéolú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ó gun orí àpótí, ó na ìka sí Abigail.

"Ẹ wo ọwọ́ ìyá yìí! Ẹ̀yin ará, ẹ wo ọwọ́!"

Abigail ò tíì rìn dé ìsọ̀ kejì tí Wòsílátù tó ń ta nǹkan oníróbà fi di aṣọ rẹ̀ mú. "Ìyá, ẹ má lọ síbì kankan. Mi ò tíì ta kọ́bọ̀. Kí lẹ fẹ́? Ẹ mú un."

"Fáàn bẹ́lítì Ìjàpá."

Abigail ń tẹ bẹ́lítì kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn. Bẹ́lítì tó bá ti gbó, bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, gbogbo inú rẹ̀ á yanu bí ọmọ ẹyẹ tí ebi ń pa. Ó ju mẹ́ta nù kó tó rí èyí tó pa ẹnu dé. Ó san iye búrẹ́dì kan péré. Wòsílátù kò jiyàn, ó ń gbá owó náà mọ́ àyà. Àwọn awakọ̀ tí kò rí wáípà rà lọ́dọ̀ Adéolú sì ya dé bí omi.

"Háà! Mo kú!" Wòsílátù ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Ọwọ́ yìí kì í ṣe ọwọ́ èèyàn!"

Ìyẹn ló da gbogbo ìlà náà rú. Ọmọ́tọ́ṣọ́ tó ń ta nǹkan iná mọ́tò gbé àga fún Abigail, ó fún un ní tíì gbígbóná àti àkàrà. Ó ní kí ó mú kọ́ńtáàtì lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ọwọ́ ọ̀fẹ́ kì í ṣí ọjà," ni Abigail wí pẹ̀lú àkàrà lẹ́nu. Ó fi èékánná la kọ́ńtáàtì náà, ó rí i pé ojú rẹ̀ kò jóná, ó sì san iye ìlàjì búrẹ́dì. Bí gúlóòbù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí tà níbẹ̀ náà nìyẹn. Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ wá pé kí ìyá ọlọ́wọ́ ire bá òun fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀, kò tètè rìn. Abigail fọwọ́ kàn án. Kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn ń ṣe.

Kí a má purọ́, orí rẹ̀ ti ń wú. Ó ti ń rìn jẹ́jẹ́ bí ìyàwó bíṣọ́ọ̀bù. Ó ń yí ọwọ́ ara rẹ̀ padà, ó ń wò ó, ó ń bi í nínú pé níbo lo wà láti ọjọ́ yìí tí mo ń ta búrẹ́dì.

Awakọ̀ kan tó ń de gúlóòbù mọ́ mọ́tò rẹ̀ ló tú àṣírí náà fún ẹnì kejì rẹ̀ létí Abigail. "Àwọn ìjọba tó ń yẹ mọ́tò wò ló gba ojú ọ̀nà Ìdímù láti ìdájí. Bí o ò bá ní iná, bí o ò bá ní họ́ọ̀nù, wọ́n á wọ́ mọ́tò ẹ lọ."

Ọwọ́ Abigail padà di ọwọ́ oníbúrẹ́dì.

Ó ku pọ́ńpù. Báyọ̀dé nìkan ló ní ti Ìjàpá, ní ìparí ìlà. Kìkì nǹkan inú ẹ́ńjìnnì ni Báyọ̀dé ń tà, nítorí náà kò sí awakọ̀ kan tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Ó ti gbọ́ ariwo. Bó ṣe rí Abigail, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá mi, láti ọjọ́ Ajé ni n kò tíì tà. Ẹ wá fọwọ́ kan tèmi náà."

Ó gbé pọ́ńpù méjì kalẹ̀, tuntun kan nínú páálí aláràbarà, àti àlòkù kan tó kún fún gírísì. Abigail fi àtàǹpàkò dí ihò tuntun náà, ó ń tẹ apá pọ́ńpù náà. Kò fa nǹkan kan. Ó dí ihò àlòkù, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Pọ́ńpù náà gbá àtàǹpàkò rẹ̀ mú, ó ń fà á ṣínṣín bí ọmọ tuntun ṣe ń fa ọmú. Abigail fẹ́rẹ̀ẹ́ hó ìhó ayọ̀.

"Èló?"

"Iye búrẹ́dì méjì! Mo gbọ́ pé búrẹ́dì lẹ fi ń ná ọjà."

Odindi apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì ló yẹ kí pọ́ńpù yẹn gbà. Kí ó sanwó, kí ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ ló kù. Ṣùgbọ́n ó wo Báyọ̀dé tó ti ń nu tábìlì rẹ̀ de èrò tí kò ní í wá. Ta ló ń sáré ra pọ́ńpù nítorí àwọn tó ń yẹ iná wò? Inú bí Abigail, ó bínú sí ara rẹ̀, ó bínú sí àkàrà tó jẹ.

"Gbọ́, Báyọ̀dé. Ọwọ́ mi kò ní nǹkan kan nínú. Ìjọba ló wà ní Ìdímù tí wọ́n ń mú mọ́tò tí kò níná. Bí mo bá ra pọ́ńpù yìí, ẹnikẹ́ni ò ní í tẹ̀ lé mi wá."

Gbogbo ìlà gbọ́ ọ. Wòsílátù bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ta ló wá gbé ìjọba dé Ìdímù láàárọ̀ tí ẹ̀yin wá rajà? Àbí wọ́n wà níbẹ̀ lánàá?"

"Ọwọ́ yẹn náà ni!" ni Adéolú kígbe.

"Ṣé etí yín di ni?"

"Ó di o! Ọwọ́ yín ló dí i!"

Abigail rí i pé òun ò lè borí wọn. Ó na ọwọ́ sí àpò kan tó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn Báyọ̀dé. "Kí ló wà nínú ìyẹn?"

"Iná ẹ̀yìn àti họ́ọ̀nù tí mo tú lára òkú mọ́tò. Ta ló ń rà wọ́n?"

"Dà á sílẹ̀! Báyọ̀dé, mo ní dà á sílẹ̀ kíákíá!"

Ó dà á sílẹ̀. Iná pupa fọ́n káàkiri ilẹ̀, họ́ọ̀nù yí gbirigbiri. Awakọ̀ mọ́kànlá ló kọ́kọ́ rí i, wọ́n fi ìsọ̀ àwọn tó kù sílẹ̀, wọ́n ya bo Báyọ̀dé títí a kò fi rí orí rẹ̀ mọ́. Láti àárín wọn ló ti na pọ́ńpù jáde sí Abigail. Abigail ki iye búrẹ́dì méjì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì sá kúrò ní Ìkọ̀tún kí wọ́n tó tún gbé ọmọ mìíràn wá.

Iṣẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ títí di òwúrọ̀ Jímọ̀, torí Olúgbénga ní iṣẹ́ níbòmíràn. Ó yẹ gbogbo ẹrù náà wò, ó bi í ní iye tó rà á. Nígbà tó gbọ́, ó jókòó sílẹ̀.

"Mọ̀mí, ṣé ẹ jí i ni?"

"Dìde, jàre. Wọ́n máa tó pe ìrun."

Wọ́n ti kírun tán kí Olúgbénga tó de bóòtù tó gbẹ̀yìn mọ́ ẹ́ńjìnnì. Julius, ọkọ Abigail, tó tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, wà lẹ́nu géètì, ó ń ṣọ́ ọ̀nà. "Ó ń bọ̀ o! Mo rí fìlà rẹ̀!"

Abigail wọ inú mọ́tò, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ìjàpá wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó sín eruku, ìyẹ́ adìẹ àti èéfín dúdú jáde lẹ́yìn, ó sì bú ramúramù! Julius ju fìlà sókè, ó ń fi ṣòkòtò iṣẹ́ jó bí ẹni tí wọ́n gba sílẹ̀ lẹ́nu ikú. Abigail fi í sí jíà, mọ́tò fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ó kúrò lórí omi Alàájì, ó gba géètì jáde. Àwọn ará àdúgbò hó yèè. Alàájì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà pẹ̀lú bùbá funfun rẹ̀.

"Alàájì, ó ń rìn! Ẹ wò ó, ó ń rìn!"

"Mo rí i! Dá a dúró kí n kí ọ!"

Abigail tẹ bírékì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ ẹ̀kọ gbígbóná.

"Olúgbénga! Bírékì ńkọ́?"

"Kò sí o, mọ̀mí!" Olúgbénga ń sáré tẹ̀ lé e. "Ó ti gbẹ láti èṣí!"

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ohun tó máa jẹ́ kó rìn lẹ ní kí n wò!"

Ó kọjá ilé aránṣọ, ó kọjá ilé aláta, ó ń fọwọ́ lu họ́ọ̀nù tí kò dún, ó ń pariwo fúnra rẹ̀ pé "Píìn! Píìn! Ẹ yà!" Ó ń rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Níkẹyìn ó darí Ìjàpá sí òkìtì yanrìn ìkọ́lé tó wà lójú títì. Mọ́tò rọra gun yanrìn náà títí dé àárín, ó sì dúró síbẹ̀, ó gbé imú sókè, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Olúgbénga ń sunkún bọ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n Alàájì ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyá Rẹ̀mí, mo ní kó kúrò níbẹ̀ ni o. Mi ò ní kó fò."

Abigail yọrí lójú fèrèsé, yanrìn kún irun rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ó ti kúrò níbẹ̀, àbí kò tíì kúrò?"

"Ó ti kúrò."

"Ẹ ṣé, Alàájì. Olúgbénga, dákẹ́ ẹkún, kí o sọ fún mi: bírékì dáadáa, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n lọ́jà?"