Orin Oògùn Eku Lẹ́nu Ọlọ́ṣẹ

Láti ọjọ́ Ajé ni Sẹ̀gilọlá ti jókòó ti ọṣẹ dúdú ní Bẹẹrẹ, ẹyọ kan péré ló sì tà. Ẹyọ kan náà, àbúrò ọkọ rẹ̀ ló rà á, àánú ló fi rà á.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni Alhaja Karimat, olórí ìlà ọjà náà, fún un. Bí èrò bá ya síbẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì, ìsọ̀ di tirẹ̀. Bí wọn ò bá yà, Afeez tó ń ta ṣájà fóònù ni yóò gbà á. Sẹ̀gilọlá sì fẹ́ ìsọ̀ yìí bí ẹni fẹ́ ọkọ. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, orúnkún rẹ̀ ti ń dún bí ògbólógbòó ilẹ̀kùn. Ó ti kiri ọṣẹ tó láyé.

Ohun tó ń bí i nínú jù ni pé òun gan-an ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà náà. Hikmat, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ ìmọ̀ ìpolówó ọjà, ló gba ohùn rẹ̀ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré, irú èyí tó ń pariwo ọ̀rọ̀ kan náà láìsinmi. Ṣùgbọ́n Sẹ̀gilọlá ló yan orin: orin Àkíbù, tó ti ń ta oògùn eku kiri láti Mápó dé Ọjà'ba fún ogún ọdún.

“Ìyá àgbà, orin yìí ti lọ́kọ o,” Hikmat kìlọ̀. “Oògùn eku ló fẹ́.”

“Kó kọ̀ ọ́, kó wá fẹ́ mi! Èyí tí gbogbo Ìbàdàn ti mọ̀ ni mo fẹ́.”

Wọ́n mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Orúkọ oògùn eku nìkan ló yọ, tó fi ọṣẹ sí i, ṣùgbọ́n ta ló dúró gbọ́ orúkọ? Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, obìnrin kan á ti na ọwọ́.

“Mọ́mì, ẹ kú ọjà. Ẹ fún mi ní ti eku ńlá.”

“Ọṣẹ ni, ọmọ mi.”

“Ọṣẹ tó ń pa eku?”

“Ọṣẹ tó ń wẹ ìdí!”

Tíṣà kan, Japheth, tẹ̀ síwájú kó gbóòórùn ọṣẹ, ó tún fà sẹ́yìn, ó ń nu imú. Ìyá ọlọ́mọ kan gbá ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́: “Má fọwọ́ kàn án, májèlé ni!” Lọ́jọ́rú, oorun gbé Sẹ̀gilọlá lọ lórí àpótí. Bí orin ti dún, ó fò dìde, ó ká ìró sókè, ó ń wo abẹ́ àpótí bóyá eku wà níbẹ̀. Orin òun fúnra rẹ̀! Ó rẹ́rìn-ín títí tí omi fi jáde lójú rẹ̀, inú sì tún bí i.

Lọ́jọ́bọ̀ ó pa ẹ̀rọ náà. Ó bu omi sínú báfù, ó ń fa ọwọ́ àwọn tó ń kọjá, ó ń fọ̀ ọ́ fún wọn. Mama Clara, ìyàwó pásítọ̀ láti Mápó, gbé ọwọ́ tútù náà símú, ó fa òórùn rẹ̀.

“Balùwẹ̀ ìyá mi nìyí,” ó ní. Ó ra mẹ́ta.

Kí oòrùn tó wọ̀, mọ́kànlá ti tà. Sẹ̀gilọlá fi ayọ̀ sùn.

Alhaja Karimat dé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Afeez ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú tábìlì.

“Alhaja, ẹ wo àná! Mọ́kànlá!”

“Mo gbọ́, Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́ja díndín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ò tíì tà láti ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní ẹ̀bá oògùn eku ló wà.”

“Mo ti pa á!”

“Ẹ pa á nínú ẹ̀rọ. Ta ni yóò pa á nínú orí àwọn èrò? Ẹ dákun, ẹ má bínú.”

Sẹ̀gilọlá bẹ̀, ó kúnlẹ̀, orúnkún ké. Alhaja gbé e dìde, kò sì yí ọ̀rọ̀ padà. Afeez ti ń to ṣájà.

Ìyá arúgbó di òṣùká, ó gbé igbá karí. Ó fi ìbínú sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, ìdí rẹ̀ ń gbá ọ̀tún, ó ń gbá òsì, báfù wà lábẹ́ apá rẹ̀. Kò kọ orin kankan.

“Ẹ mú ọwọ́ wá!” ló ń ké. “Ẹ mú ọwọ́ yín wá kí n fọ̀ ọ́!”