Àbẹ́là Létí Dúrọ́ọ̀

"Ọ̀dà yìí tún ti bó!"

Ọkùnrin náà fi èékánná ha etí dúrọ́ọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ìyá rẹ̀. Ọ̀dà funfun tó kùn lánàá ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, àwọ̀ ewé ti tẹ́lẹ̀ sì yọjú. Ó ti fi omi ọṣẹ nù ún, ó sì fi sáńpépà ha ibi tó ń dán díẹ̀, bí ọlọ́dà tó ta ọ̀dà fún un ṣe wí: kò sídìí láti ha gbogbo rẹ̀. Ara kọ́bọ́ọ̀dù gba ọ̀dà dáadáa. Etí dúrọ́ọ̀ nìkan ló ń ṣorí kunkun.

Ó tún un fọ̀, ó tún un ha, ó lọ mú agolo ọ̀dà lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó padà dé, ó bá ìyá rẹ̀ lórí àpótí, tó ń fi àbẹ́là pa etí dúrọ́ọ̀ náà lọ, tó ń pa á bọ̀.

"Màmá! Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Kó lè máa yọ̀ ni. Àbí o fẹ́ kó máa há?"

"Ọ̀dà kì í mú lórí àbẹ́là! Láti àná ni mo ti ń bú ọlọ́dà, ẹ̀yin náà sì jókòó síbẹ̀, ẹ̀ ń bá mi bú u!"

"Ṣé kí n máa wò ọ́ ni? Mo rò pé á sú ọ."

"Ẹ̀yin lẹ sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é! Ṣé ọmọdé ni yín ni?"

"Má pariwo mọ́ mi." Ìyá na àbẹ́là sí i. "Ta lò ń kun kọ́bọ́ọ̀dù fún?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Irọ́ gbuu! Mo gbọ́ ìyàwó rẹ lórí fóònù. Aṣọ ọmọ tó fẹ́ bí ló máa wà nínú rẹ̀, yàrá mi yìí ló sì máa wà. Èmi, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ẹ ti di ẹrù mi, ẹ ò tíì sọ fún mi pé mò ń rìnrìn àjò!"

"A fẹ́ sọ fún yín..."

"Nígbà wo? Nígbà tí mọ́tò bá ti dé ẹnu ọ̀nà?"

Òun fúnra rẹ̀ ló bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣètò mọ́tò náà. Inú ṣì ń bí i, àmọ́ kò mọ ẹni tí yóò bínú sí mọ́.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ lọ?"

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi mí. Mi ò lọ."

Ó dé agolo ọ̀dà, ó fi gìgísẹ̀ tẹ ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí. Lẹ́yìn náà, ó nahùn sí ilé ìdáná:

"Ìyàwó mi, jọ̀ọ́, máa bọ̀. Màmá ò lọ mọ́. Wá ká jọ sọ ibi tí ọmọ máa sùn."

Ìró abọ́ dákẹ́ lọ́hùn-ún. Ojú ìyá rẹ̀ ṣì le koko. Ó kàn fi ẹsẹ̀ ti àga kan síwájú fún ìyàwó.