Mílímítà Mẹ́ta

Tí ẹ bá rí mẹkáníìkì tó nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan, ẹ má rò pé oorun ló ń sùn o. Tépù ló wà lọ́wọ́ bàbá yìí, ó ń wo bí ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣe ga sílẹ̀ tó. Lọ́la ni ọmọ náà máa fi díje eré ọkọ̀ láàárín àwọn kóònù tí wọ́n tò sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ kọ́nà bí eku tí ológbò ń lé. Gíga ló ń ṣáájú títọ́ táyà. Bí gíga bá ti ṣì, iṣẹ́ asán lèyí tó kù.

Nílé wọn, ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó síbi awakọ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, torí òfìfo ọkọ̀ a máa ga ju bó ṣe yẹ lọ, a máa parọ́. Ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì, ọmọ ló ń bá a ka tépù, òun náà ló ń fa òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ láti mọ̀ bóyá táyà kọjú síbi tó yẹ. Ìyá ló wá ń jókòó, torí pé kílò kan náà lòun àtọmọ rẹ̀ wọ̀n, bí ìbejì.

Ìyá ti jókòó, ó ń kọrin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́:

"Mo jókòó jẹ́ẹ́, n ò mira,
Ọkọ mi ń wọn ọkọ̀ bí aṣọ."

"Kà á," ni bàbá wí.

Ọmọ kà á. Iwájú lápá ọ̀dọ̀ ìyá fi mílímítà mẹ́ta ga ju ti oṣù tó kọjá lọ.

Bàbá ní irọ́ ni. Ó yẹ afẹ́fẹ́ táyà wò, ó pé. Ó ti ọkọ̀ síwá, ó fà á sẹ́yìn kí sípíríǹgì lè jókòó, mẹ́ta náà ni. Ló bá gbé sípánà, ó fẹ́ yí sípíríǹgì wálẹ̀.

"Ẹ dúró ná, Bàbá. Ẹ jẹ́ kémi fúnra mi jókòó."

"Ta ló máa wá kà á?"

"Ẹ lọ mú awò ojú yín. Ẹ yéé ṣe bí ọ̀dọ́."

"Ẹ yí i, kẹ́ ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ jàre," ni ìyá wí. Ó di ilẹ̀kùn mú, kò tètè dìde.

Ọmọ jókòó. Bàbá lọ mú awò ojú rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó bá ti oṣù tó kọjá mu rẹ́gí. Sípíríǹgì ò ṣe nǹkan kan.

Bàbá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Aṣọ tó ń rí lára rẹ̀ láràárọ̀ ti ń yọ̀ bọ́ léjìká.

"Ìyá ọmọ, ibo lo gbé ara sí?"

"Ooru ni. Oúnjẹ kì í wù mí lóoru."

"Ooru kì í jẹ mílímítà."

Ìyá tún aṣọ léjìká ṣe. "Inú ló ń run mí, láti bí oṣù kan. Mo ní kí eré ọ̀la kọjá ná."

"Eré wo, Màámi?" Ọmọ ti jáde nínú ọkọ̀, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà.

"Ẹ ṣáà tọ́ táyà yìí tán ná," ìyá ń bẹ̀ wọ́n.

Bàbá nu gíríìsì sára ṣòkòtò, ó di ìyá lápá mú lọ sídìí ọkọ̀ ọjà náà.

Ní ọsibítù, dókítà béèrè ìgbà tí inú rírun náà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá ti lanu láti dáhùn pé oṣù kan ni. Ìyá wo ojú rẹ̀, ó wo tọmọ, ó wá wo ilẹ̀.

"Oṣù mẹ́rin," ló wí.