Nígbà Tí Jàbárù Ṣe Ọba Ànjọ̀nú

Aṣọ ọba ni Mísítà Náyà gbé wá fún Jàbárù láti rán. Ó tú sátíìnì pupa náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á títí ó fi tẹ́.

"Ọba ànjọ̀nú ló máa wọ̀ ọ́," ó ní, "ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó dára ju ti àwọn òrìṣà lọ, Télọ̀."

Jàbárù rẹ́rìn-ín. Ó ti wo fíìmù Íńdíà rẹpẹtẹ nígbà tó wà n'Ílọrin, ó sì mọ bí ẹni burúkú inú wọn ṣe máa ń rí: irunmú ńlá, ojú pupa, ẹ̀rín tó ń kó jìnnìjìnnì báni.

"Tíṣà, ànjọ̀nú wo ló ń wọ sátíìnì?"

Ọdún 1984 ni. Ìṣirò ni Mísítà Náyà ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama tó wà lókè títì. Kérálà ló ti wá, níhà gúúsù Íńdíà. Jàbárù ní tirẹ̀ ti dé Abuja láti ìgbà tí wọ́n ti ń la ọ̀nà, tó ń rán kakí fún àwọn lébìrà. Ẹ̀yìn Kugbo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, létí abúlé àwọn Gbàgyí kan. Òun àti Sàlímọ́tù ìyàwó rẹ̀ ń gbé yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Baba Gimba, olórí abúlé, ló fún un nílẹ̀. Bàbá náà kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn na ọwọ́ yíká ni, ó kí i lédè Hausa, ó ní, "Sànnu. Jókòó síbi tó bá wù ọ́." Kò sí àlejò tí Baba Gimba kì í fún nílẹ̀.

Mísítà Náyà fa àga kan, ó jókòó, ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn ṣàlàyé.

"Bálì lorúkọ rẹ̀. Ìran ànjọ̀nú ni wọ́n bí i sí, ìyẹn nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Láyé tirẹ̀, ebi kò pa ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kì í parọ́, ẹni tó bá sì tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ kì í padà lófo. Agbára rẹ̀ wá ń ba àwọn òrìṣà lẹ́rù. Ni ọ̀kan nínú wọn bá sọ ara rẹ̀ di àràrá, ó wá bá a, ó ní ilẹ̀ díẹ̀ lòun ń tọrọ, ìwọ̀n tí òun lè gbé ẹsẹ̀ lé ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ó fún un?"

"Ó fún un. Olùkọ́ rẹ̀ kìlọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó ní òun ti sọ̀rọ̀ ná. Bí ó ti gbà báyìí, àràrá bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gba gbogbo ayé. Ó gbé ìkejì, ó gba gbogbo ọ̀run. Ó wá bi ọba léèrè ibi tí òun máa gbé ìkẹta sí. Bálì wò yíká, kò ríbì kankan. Ó tẹrí ba, ó ní kó gbé e lé òun lórí. Ló bá tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ lọ."

Jàbárù dá àlùmọ́gàjí tó fi ń gé aṣọ dúró. "Ọba yẹn náà ni wọ́n ń pè ní ẹni burúkú?"

"Nínú ìwé ni. Ní ìlú tiwa, òun la fẹ́ràn. A ní ó máa ń padà wá wò wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, a máa ń to òdòdó sẹ́nu ọ̀nà dè é." Ó fọwọ́ kan etí sátíìnì náà. "Mo kọ ọ́ bí ìyá àgbà mi ṣe sọ ọ́ fún mi, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-ìwé ní àwọn èèyàn ìjọba ń bọ̀ wá wòran. Ó ní kí ọba kọ́kọ́ mutí yó, kó gbá obìnrin kan létí, káwọn àlejò lè mọ̀ pé ìyà tọ́ sí i."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Kí ni mo lè sọ? Òun ló máa pinnu bóyá mo máa wà níbí lọ́dún tó ń bọ̀. Rán aṣọ yẹn kó dára, Télọ̀. Aṣọ nìkan ni kò tíì bá mi dá sí."

Jàbárù rán an bí ẹni tó ń rán aṣọ ọkọ ìyàwó. Ó fi òwú wúrà gbá ọrùn rẹ̀ yíká.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Baba Gimba wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń ro ẹjọ́. Lọ́dún tó kọjá, àwọn awọnlẹ̀ ìjọba wá tọrọ ibi díẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, kí wọ́n lè pa àgọ́ sí. Ó fún wọn, ó tún fún wọn níṣu àti omi. Nígbà tí wọ́n lọ, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri gbogbo ilé. Ní báyìí, wọ́n ti ránṣẹ́ pé ìjọba ti gba ilẹ̀ náà, kí gbogbo abúlé kó kúrò kí òjò tó dé.

"Mo rò pé àgọ́ ni," bàbá náà sọ lédè Hausa. "Àgọ́ ni wọ́n ní."

Jàbárù gbé omi fún un.

Lọ́jọ́ eré, ibà dá ọmọ tó fẹ́ ṣe ọba dùbúlẹ̀. Mísítà Náyà sáré dé ṣọ́ọ̀bù, òógùn bò ó.

"Àwọn ọmọ yòókù ti ní ipa tiwọn, ìwọ lo tún mọ ìtàn náà, Télọ̀. Aṣọ náà á sì bá ọ mu."

Bí Jàbárù ṣe di Bálì nìyẹn. Nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé, àwọn èèyàn ìjọba jókòó níwájú, wọ́n ń mu Fáńtà. Àwọn ará abúlé wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn wọn, Baba Gimba láàárín wọn, ọmọ ilé-ìwé kan ń túmọ̀ eré náà sí Hausa fún wọn. Jàbárù ṣe bíi pé ó mutí yó, ó gbá obìnrin kan létí bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, gbogbo èèyàn hó lé e lórí. Lẹ́yìn náà, àràrá wọlé. Bámiṣayọ̀ ni, ọmọbìnrin kékeré kan tó ní ohùn tó mú. Ó kúnlẹ̀, ó tọrọ ilẹ̀.

Baba Gimba dìde. "Kai!" ó kígbe. "Má fún un!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Jàbárù rí ojú bàbá náà, kì í ṣe ojú ẹni tó ń ṣeré. "N kò fún ọ" ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó wo ẹ̀gbẹ́ pèpéle, ó rí Mísítà Náyà tó pa ọwọ́ pọ̀ sáyà, ọ̀gá ilé-ìwé sì dúró tì í. Jàbárù yíjú sí àràrá.

"Gbà," ó ní.

Àwọn ọmọ gbé Bámiṣayọ̀ sí èjìká lábẹ́ aṣọ funfun gígùn, ó ga títí ó fi fẹ́ẹ̀ kan àjà. Jàbárù kúnlẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kò wúwo lórí rẹ̀, ó lè fi ìka kan gbé e kúrò. Kò gbé e. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Ìkà ni ẹ́ o! O ṣe é dáadáa."

Nígbà tí àwọn èèyàn ti ń túká, Baba Gimba wá bá wọn. Ó ní kí Jàbárù bá òun bi òyìnbó dúdú yìí: ṣé ọba náà padà wá?

"Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún," ni Mísítà Náyà dáhùn.

"Wọ́n dá ilẹ̀ rẹ̀ padà fún un?"

Mísítà Náyà wolẹ̀. "Rárá. Ó kàn ń wá wò ó ni."

"Kí ni wíwò máa ṣe fún un?" Baba Gimba yí padà, ó ń lọ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí katapílà dé, òjò àkọ́rọ̀ kò tíì rọ̀. Baba Gimba di Jàbárù lápá mú. "Ìwọ lo gbọ́ èdè wọn. Bá wọn sọ ọ́."

Ọkùnrin tó ń darí iṣẹ́ náà ń jẹ́ Ọbayẹmí, ará Kábbà. Nígbà tí Jàbárù gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ yá.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn láyè díẹ̀ sí i. Ibi tí wọ́n ní kí wọ́n lọ yẹn, kò tíì sí ilé tó tó wọn níbẹ̀."

Ọbayẹmí bọ́ fìlà rẹ̀, ó nu iwájú orí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Bí mo bá dá ọkọ̀ yìí dúró lónìí, ẹlòmíràn ló máa wà á wá lọ́la, èmi á sì ti wà nílé." Ó tún wò ó dáadáa. "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣe ọba yẹn nílé-ìwé? Ẹ pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà."

Jàbárù padà sọ́dọ̀ bàbá náà. Kò tíì la ẹnu tí Baba Gimba fi mi orí. Bàbá náà ní ó dáa, kí wọ́n ṣáà yà fún sàréè bàbá òun, iwájú ilé òun ló wà. Jàbárù tún sáré lọ. Ọbayẹmí gbọ́ ọ, ó sì ké sí awakọ̀ ní tòótọ́, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì. Ariwo ẹ́ńjìnnì bo ohùn rẹ̀. Awakọ̀ náà kò bojú wẹ̀yìn.

Sàlímọ́tù di orí ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́ra, ó ń sunkún. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀bù náà kọjá.

Jàbárù àti ìyàwó rẹ̀ rí yàrá kan ní Jikwoyi. Ilé-ìwé kò gba Mísítà Náyà padà, ó sì lọ sí ìlú rẹ̀ láìdágbére. Ó pẹ́ kí Jàbárù tó ní ìgboyà láti lọ wo Baba Gimba ní ibi tí wọ́n kó wọn lọ. Ó ra ọsàn ní ọjà Zuba lọ́wọ́.

Ó bá bàbá náà lábẹ́ ìbòjì páànù. Òjò ti dé, ilẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n kò sí ebè kankan.

"Àwọn tó ni ibí yìí ní kí a má fọwọ́ kan ilẹ̀ àwọn," Baba Gimba ní. "Wọn ò parọ́. Tiwọn ni."

Ó bó ọsàn kan, ó là á, ó fún Jàbárù ní ìdajì. Wọ́n jẹ ẹ́. Jàbárù ní, "Ọlọ́run á bá wa ṣe é," ojú ara rẹ̀ sì tì í bó ṣe sọ ọ́ tán. Ọkọ̀ tó ń padà fọn fèrè.

"O ń lọ?"

"Mò ń lọ, Baba."

"Yauwa, ó dáa. Kí ìyàwó rẹ."

Nígbà tó délé, Sàlímọ́tù gbé omi fún un, ó jókòó tì í. "Baba ńkọ́?"

"Ó jẹ ọsàn," Jàbárù ní.

Ìyàwó rẹ̀ ń retí kó sọ ìyókù. Nígbà tó pẹ́, ó dìde, ó lọ gbé oúnjẹ wá.