Ó Kúrò Nídìí Ààrò

Ọdún méjìlá ni ọkùnrin kan fi dúró lẹ́nu ààrò búrẹ́dì. Oníbúrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òun ló ń ti páànù wọnú ààrò, òun ló ń fà á jáde, ooru ibẹ̀ sì ti mọ́ ọn lára débi pé bó bá délé, á ní òtútù ń mú òun.

Ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ ní yàrá iwájú ilé wọn. Aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọdé ló ń rán jù. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti fẹ́ra wọn, kò sì tíì sí ọmọ.

Ìyá ọkọ kì í bú ìyàwó. Ṣùgbọ́n bó bá wá kí wọn lọ́jọ́ Àìkú, á wò ó láti òkè délẹ̀, á mí kanlẹ̀, á ní, "Ìyàwó mi, ṣé ò ń jẹun dáadáa ṣá?"

"Mò ń jẹun, Màmá."

Gbogbo àyẹ̀wò tí obìnrin ń ṣe ló ti ṣe, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó ku ọkọ, ọkọ ò sì lọ. Lónìí, iṣẹ́ pọ̀. Lọ́la, ẹsẹ̀ ń dùn ún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó yà sílé láìròtẹ́lẹ̀ láti mu omi. Ó bá ìyàwó rẹ̀ tó gbé ṣẹ́ẹ̀tì kékeré kan mọ́ àyà, tó di ojú. Nígbà tó gbúròó rẹ̀, kíá ló tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì.

"Mò ń wò ó bóyá bọ́tìnì rẹ̀ ti fẹ́ já ni."

Oníbúrẹ́dì ò mu omi mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó gba ọsibítù lọ.

Dókítà tó gbé èsì àyẹ̀wò fún un jẹ́ obìnrin tó tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, "Irúgbìn tó wà nínú àtọ̀ yín kéré gan-an. Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Búrẹ́dì ni mò ń yan, Mà."

"Wákàtí mélòó lẹ fi ń dúró níwájú iná?"

"Mẹ́sàn-án."

"Sìgá ńkọ́?"

Ó wolẹ̀. "Ó ń tó mẹ́wàá lójúmọ́."

Dókítà ṣàlàyé pé ooru máa ń pa irúgbìn ọkùnrin lára, bẹ́ẹ̀ náà ni sìgá, àmujù ọtí àti ikùn ńlá. "Mi ò ṣèlérí ọmọ fún yín o. Ṣùgbọ́n nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni irúgbìn tuntun fi ń gbó. Ẹ tún ìgbé ayé yín ṣe, ká tún un wò lẹ́yìn ìyẹn."

Ó délé, ó fi ìwé náà lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyàwó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ ń retí ọ̀rọ̀ líle, ó sì ti gbà pé ó tọ́ sí òun.

"Ẹ jókòó," ni gbogbo ohun tí ìyàwó sọ. "Ẹsẹ̀ ń dùn yín."

Oníbúrẹ́dì bẹ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ pé kó jẹ́ kóun kúrò nídìí ààrò, kóun máa po ìyẹ̀fun.

"Ṣé iná ti wá ń bà ọ́ lẹ́rù ni?" ni ọ̀gá bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá."

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Búrẹ́dì gbígbóná àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló máa ń jẹ láàárọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀fọ́ àti ọsàn ni ìyàwó ń dì fún un.

"Ìyàwó, ṣé o ti sọ mí di ẹran ọ̀sìn ni? Ewé láàárọ̀, ewé nírọ̀lẹ́."

"Ẹ ṣáà máa jẹ ẹ́. Ẹran ọ̀sìn a máa bímọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ṣàdédé tán lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Sìgá ló le jù. Ọwọ́ rẹ̀ á dédé wọ àpò, kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n jọ máa ń rìn gba ẹ̀yìn ilé ìwé kọjá. Bí wọ́n bá débi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ìrìn wọn á falẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ pé kí wọ́n dúró.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Màmá tún dé, ó tún mí kanlẹ̀. "Ìyàwó mi, ṣé ò ń jẹun…"

"Màmá, èmi ni," ni Oníbúrẹ́dì wí. "Kì í ṣe òun. Ara mi ni wọ́n ti rí i."

Màmá yíjú sí ìyàwó. "O mọ̀, o ò sì sọ fún mi?"

"Ẹnu wọn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ, Màmá."

Màmá bó ọsàn kan, ó là á sí méjì, ó sì na ìdajì sí ìyàwó. Láti ọjọ́ náà, kò bi í ní ìbéèrè yẹn mọ́.

Oṣù mẹ́ta pé, wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe. Irúgbìn ti ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ kò tíì tó bí dókítà ṣe ń fẹ́ ẹ. Ó ní kí wọ́n máa bá a lọ.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, nǹkan oṣù ìyàwó pẹ́. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ó di márùn-ún. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ nínú wọn. Ọkọ kàn ń gba garawa omi lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà, ìyàwó jáde láti ilé ìwẹ̀, ó sì mi orí. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dé.

Ọkọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ibùsùn.

"Mo ti ń ronú orúkọ," ló wí.

"Èmi náà."

Kò sẹ́ni tó bèèrè orúkọ tí ẹnì kejì rò.